Ojú Ẹ̀wọ̀n Tó Kù Nínú Àpótí Òjìji

San Narciso, Zambales
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kínní, ọdún 1996

Doray ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé òtútù ibẹ̀ kò pọ̀ jù fún àyà rẹ? Èmi ń bẹ. Àǹtí rẹ Idad náà ń bẹ, ó ní kí n kí ọ. Ó ní ọṣẹ tó wà nínú ẹrù Kérésì tí o fi ránṣẹ́ ń ta sánsán débi pé kò ṣeé fi wẹ̀, àárín aṣọ rẹ̀ ló kó gbogbo rẹ̀ sí. Ẹran inú agolo dé pẹ̀lú. Mo ti jẹ díẹ̀ níbẹ̀. Ìyókù wà lórí àga ìyá rẹ, torí kò sẹ́ni tó ń jókòó síbẹ̀.

Mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ ní nǹkan kan. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kan àpótí òjìji mi. O mọ̀ ọ́n, irú èyí tó wà lára ògiri ilé Kulas, tí gíláàsì wà lójú rẹ̀, tí fìlà àti àwọn àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ wà nínú. Gbogbo àwa tí a bá àwọn ará Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ogun ojú omi ládùúgbò yìí la ní in nílé, àfi èmi. O mọ bó ṣe jẹ́. Ìgbà tó yẹ kí n fẹ̀yìn tì, ìyá rẹ wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsíbítù, bàálù ni wọ́n fi gbé mi kúrò lójú òkun. N kò rin orí pákó ìsọ̀kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó fọn fèrè fún mi, kò sẹ́ni tó gbé àpótí lé mi lọ́wọ́. Àwa ará ọkọ̀ sì gbà pé bí òjìji èèyàn bá kan ilẹ̀ ṣáájú ẹsẹ̀ rẹ̀, kò ní rí ìsinmi lórí ilẹ̀ yẹn. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi máa ń ká òjìji náà mọ́ inú àpótí, kí wọ́n tó gbé e fún un.

Kulas sọ ọ́ sí mi lójú lọ́jọ́ Sunday, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní, "Polon, ojú omi lo ṣì wà o. Èmi máa ń rí ọ láàárọ̀ tí o bá dúró sétí òkun, bí ẹni tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ omi náà kí wọ́n má baà jí i gbé." Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Bá mi wá aṣọ aláwọ̀ búlúù tó nípọn, ike tó mọ́ bíi gíláàsì tí kì í fọ́, àti súkúrù idẹ tó gùn. Ìlú àwọn ọmọ ogun ojú omi lo wà, wọn kò lè ṣàìtà á níbẹ̀.

Máńgò ẹ̀yìnkùlé ti ń yọ òdòdó.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, Apolonio


Bremerton, Washington
Ọjọ́ kẹrin oṣù Kejì, ọdún 1996

Bàbá mi,

Mo gba ọwọ́ yín, mo fi kan iwájú orí mi, bí ọmọ ṣe ń kí àgbà nílé wa. Ẹ kú ìmójútó ilé. Ẹ bá mi kí Àǹtí Idad, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n fi ọṣẹ wẹ̀, màá fi òmíràn ránṣẹ́.

Òjò ni ibí yìí, òjò ṣáá. Mo ti ra aṣọ àti súkúrù. Torí ike náà ni mo ṣe lọ bá ọkùnrin kan tó ń fi férémù sí fọ́tò. Ó bi mí pé kí lẹ fẹ́ kó sínú àpótí náà, mo ní n kò mọ̀. Ó ní báwo ni n kò ṣe mọ̀, ṣebí bàbá mi ni. Ojú tì mí díẹ̀. Ó ní kí n sọ fún yín pé tó bá jẹ́ nǹkan tó wúwo, ẹ má fi àtè lẹ̀ ẹ́ o. Ó lè dúró fún oṣù mélòó kan, ooru á mú, á já bọ́. Ẹ lu ihò sára pákó ẹ̀yìn, kí ẹ fi wáyà dè é láti ẹ̀yìn wá. Inú àpótí ẹrù yìí ni mo fi wáyà náà sí, ẹ wo àárín àwọn ṣokoléètì.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ kò jẹ́ kí káfíńtà ṣe é? Ojú yín kò ríran tó ti tẹ́lẹ̀. Mo lè san owó rẹ̀. Ṣé ẹ lọ ṣàyẹ̀wò ojú náà? Ẹ kò dáhùn èyí nínú lẹ́tà méjì sẹ́yìn.

Ọmọ yín,
Doray


San Narciso
Ọjọ́ kejì oṣù Karùn-ún, ọdún 1996

Doray ọmọ mi,

Ẹrù dé lánàá. Ọkọ̀ náà falẹ̀, àfi bíi pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń tì í. Ṣokoléètì ti yọ́ mọ́ wáyà, àwọn ọmọ àdúgbò ló bá mi lá a kúrò. Aṣọ náà dára. Àwọ̀ rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Ọkùnrin oníférémù rẹ béèrè ohun tó wà níbẹ̀. Fìlà mi wà níbẹ̀, àwọn àmì ẹ̀yẹ, àti àwọn owó idẹ tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan máa ń tẹ̀ fún àwọn tó bá ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ìdí ọta àgbá kan wà, idẹ gidi, tí mo máa ń fi ṣe àwo eérú kí ìyá rẹ tó gbà á lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà ni ojú ẹ̀wọ̀n ìdákọ̀ró. Ojú kan ṣoṣo ni, òrùka irin kan lára ẹ̀wọ̀n náà, ṣùgbọ́n ó wúwo bí ọmọ tó ti ń sáré. Nígbà tí mo wọṣẹ́, ilé ìdáná nìkan ni wọ́n gba irú wa láyè. Ọbẹ̀ ni mò ń gbé fún àwọn ọ̀gá, mo sì ń fọ bàtà wọn. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbé mi lọ iwájú ọkọ̀, níbi tí wọ́n ti ń ju ìdákọ̀ró. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo di ẹ̀wọ̀n yẹn mú, mo kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ pé ọwọ́ mi ti kúrò nínú ọbẹ̀. Nígbà tí wọ́n gé ọkọ̀ náà sí wẹ́wẹ́, wọ́n fún wa ní ojú kọ̀ọ̀kan.

Mo ti gbé àpótí náà kọ́ lánàá, lẹ́yìn tí ẹrù dé. Ó já bọ́. Wáyà rẹ kò ṣẹ̀, ìṣó ara ògiri ló tú. O mọ̀ pé búlọ́ọ̀kù eérú òkè la fi kọ́ apá ibẹ̀ lẹ́yìn tí òkè Pinatubo bú gbàmù, nígbà tí gbogbo èèyàn ń fi eérú ṣe búlọ́ọ̀kù torí ọ̀fẹ́ ni. Kulas fi ìka họ ibẹ̀, ó ní, "Ògiri kọ́ nìyí, àtíkè ni. Fi pa ọmọ ọwọ́ lára." N kò sọ ọ́ fún ọ tẹ́lẹ̀ torí owó tìrẹ la fi kọ́ ọ.

Kò sí nǹkan tó bàjẹ́. Ara mi le.

Bàbá rẹ


Bremerton
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún, ọdún 1996

Bàbá mi,

Mo kí yín. Inú mi kò dùn, n kò ní parọ́.

Àǹtí Idad pè mí lórí fóònù láti ilé ìfìwéránṣẹ́. Wọ́n ní orí ẹsẹ̀ yín ni àpótí náà já bọ́ sí. Wọ́n ní èékánná àtàǹpàkò yín ti dúdú, ẹ sì ń wọ bàtà lé e kí wọ́n má baà rí i. "Ara mi le." Ẹsẹ̀ ń kọ́? Ṣé ẹsẹ̀ kì í ṣe ara?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹ fi ògiri eérú yẹn sílẹ̀. Òpó igi méjì wà nínú pálọ̀, àwọn tó ti wà níbẹ̀ látayé bàbá màmá. Ẹ na pákó tó nípọn láti òpó kan dé ìkejì, kí ẹ fi súkúrù gígùn dè é. Ẹ gé etí pákó náà lókè kó dagun sínú. Ẹ wá fi irú pákó bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn àpótí, kí etí tirẹ̀ ní ìsàlẹ̀ dagun, kí wọ́n lè bu ara wọn jẹ bí eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀. Bó bá ṣe ń wúwo sí i, bẹ́ẹ̀ ni á ṣe máa di ara rẹ̀ mú sí i. Mo ya àwòrán rẹ̀ sẹ́yìn ìwé yìí.

Ẹ má sì gbé e kọ́ pẹ̀lú ẹrù nínú. Òfìfo ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé kọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kó nǹkan sí i níkọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi èyí tó wúwo jù ṣe ìkẹyìn. Ẹ má dá ṣe é. Níbi iṣẹ́ wa, tí a ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, òfin ni pé ẹnìkan kì í dá gbé èèyàn. Ẹni tó bá dá gbé e, wọ́n lè dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Èèyàn méjì ló ń gbé, ẹnìkan lápá ọ̀tún, ẹnìkan lápá òsì.

Doray


San Narciso
Ogúnjọ́ oṣù Kẹfà, ọdún 1996

Doray,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Àwòrán rẹ yé mi. O ń kọ̀wé bí ọ̀gá ọkọ̀.

O ní èèyàn méjì ló ń gbé e. Ta ni ìkejì?

Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Máńgò tí mo sọ pé ó ń yọ òdòdó nígbà yẹn so dáadáa lọ́dún yìí. Mo kó díẹ̀ fún àwọn aládùúgbò, ìyókù já bọ́ sílẹ̀, adìẹ Idad jẹ ẹ́.

Bàbá rẹ


Bremerton
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Keje, ọdún 1996

Bàbá mi,

Ẹ kú òjò. Mo gba ọwọ́ yín mo fi kan iwájú orí.

Ìkejì kẹ̀? Bàbá Kulas ni ìkejì. Ṣebí ọ̀rẹ́ yín ni. Tàbí ọkọ ọmọ wọn, ó lágbára. Tó bá jẹ́ owó ni wọ́n fẹ́, màá san án.

Èèyàn kò tó wa níbi iṣẹ́. Iṣẹ́ ìlọ́po méjì ni mò ń ṣe lọ́jọ́ Saturday. N kò rò pé n óò lè wá ní Kérésì, mo sọ bẹ́ẹ̀ kí ẹ má baà máa retí. Mo mọ̀ pé ìgbà ìsìnkú màmá ni mo dé kẹ́yìn. Mo mọ̀, Bàbá.

Ẹ jẹ́ kí n pa yín lẹ́rìn-ín. Bàbá kan wà níbí, Halvorsen lorúkọ wọn. Ọmọ wọn obìnrin tó wà nílùú kejì máa ń fi òdòdó ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n ní òdòdó náà ga jù, ó ń dí àwọn lójú. Ọmọ fi èyí tó kúrú ránṣẹ́. Wọ́n ní ìkòkò rẹ̀ ń jò. Ọmọ ra ìkòkò tuntun. Ní báyìí wọ́n ní omi rẹ̀ ń rùn, kí a kọ̀wé sí i. A máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín níbi tí a ti ń mu tíì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má di Bàbá Halvorsen mọ́ mi lọ́wọ́.

Doray


Bremerton
Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1996

Bàbá mi,

N kò rí lẹ́tà kankan gbà láti oṣù Kẹfà. Mo pe ilé ìfìwéránṣẹ́, ẹni tó gbé fóònù ní àǹtí kò sí nítòsí. Ṣé ẹsẹ̀ náà ni? Ṣé inú ń bí yín ni? Tó bá jẹ́ torí ẹ̀fẹ̀ tí mo ṣe, ẹ má bínú.

Ẹ kàn kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Kódà kí ẹ kọ orúkọ yín sínú ìwé kí ẹ fi ránṣẹ́.

Doray


San Narciso
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1996

Doray ọmọ mi,

Mo kí ọ. Inú kò bí mi. Ẹsẹ̀ ti san, èékánná tuntun ti ń hù, ó rí wọ́gọwọ̀gọ.

Àpótí ti wà lára òpó. Bí o ṣe wí gan-an ni mo ṣe é. Mo gé pákó méjèèjì kí wọ́n dagun, mo gbé òfìfo kọ́, ó jókòó jẹ́ẹ́. Mo fi gbogbo ara mi rọ̀ mọ́ ọn láti dán an wò, kò mì. Idad wọlé bá mi níbi tí mo ti rọ̀ mọ́ ọn, ó ní, "Polonio, ṣé o ti di àdán ni?" Lẹ́yìn náà ni mo kó nǹkan sí i, níkọ̀ọ̀kan. Fìlà lókè. Àwọn owó idẹ tẹ̀ lé ara wọn lábẹ́ rẹ̀. Mo de ìdí ọta àgbá láti ẹ̀yìn, níbi mẹ́ta. Tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá gba ojú fèrèsé wọlé láti ìhà òkun, gbogbo idẹ yẹn á máa tàn. Mo máa ń jókòó wò ó títí á fi ṣókùnkùn.

Ojú ẹ̀wọ̀n nìkan ló kù. Mo fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Kò ṣeé dá ṣe, torí ẹnìkan gbọ́dọ̀ gbé e dúró kí ẹnìkejì tó fi wáyà dè é láti ẹ̀yìn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tó ni àpótí kọ́ ló máa ń fi ohun tó kẹ́yìn sínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń dúró de èèyàn lórí ilẹ̀ ló ń ṣe é. Tirẹ̀ ni láti fi í síbẹ̀, kó pa ìlẹ̀kùn rẹ̀ dé, kó sì sọ fún ẹni náà pé ó ti dé. Ìyàwó Kulas ló ṣe tiẹ̀ fún un. Ìgbà tí ìyá rẹ wà láyé, a máa ń sọ pé a óò ṣe é, ẹ̀rín la fi ń sọ ọ́, a kò tètè bẹ̀rẹ̀.

Báyìí ọ̀rọ̀ àpótí ti parí. O kò ní láti fi nǹkan kan ránṣẹ́ mọ́. O ṣeun fún aṣọ, àti ike, àti súkúrù. O tún ṣeun fún àwòrán náà. Mo ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn.

Má ṣe iṣẹ́ jù.

Bàbá rẹ


Bremerton
Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹwàá, ọdún 1996

Bàbá mi,

Mo gba ọwọ́ yín mo fi kan iwájú orí mi, mo sì fi síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Òdòdó Bàbá Halvorsen dé láàárọ̀ yìí. Èmi ni mo gbé e wọlé. Wọ́n bi mí pé, "Ta ló gbé e wá?" Mo ní ọkùnrin tó máa ń pín in ni. Wọ́n ní, "Òun nìkan?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n yí ojú sí ògiri, wọ́n ní òórùn rẹ̀ ti pọ̀ jù. Àwa méjì la gbé wọn sórí àga wọn, èmi lápá ọ̀tún, ẹnìkejì mi lápá òsì. Lẹ́tà yín wà nínú àpò mi. N kò lè mu tíì lẹ́yìn ìyẹn.

Bàbá, ẹ bi mí pé ta ni ìkejì. Mo dáhùn pé Bàbá Kulas. Ẹ bi mí nínú oṣù Kẹfà, inú oṣù Kẹwàá ni mò ń gbọ́ ọ.

Mo ti lọ bá ọ̀gá mi. Kérésì kò ṣeé ṣe, mo bẹ̀ ẹ́ títí ó kọ̀. Ó fún mi ní àyè ní oṣù Kejì, mo sì ti ra ìwé ìrìnnà ọkọ̀ òfuurufú kí n má baà yí ọkàn mi padà. Ẹ má ti àpótí náà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú ẹ̀wọ̀n yẹn síbẹ̀. Mò ń bọ̀ wá gbé e.

Doray yín


San Narciso
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kọkànlá, ọdún 1996

Doray ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ìjì fọ́ afárá, àwọn tó ń pín lẹ́tà sì jókòó sílé.

Mo ní láti sọ òótọ́ fún ọ. Ní Ọjọ́ Àwọn Òkú, nígbà tí gbogbo ìlú lọ bá àwọn tiwọn ní itẹ́ òkú, èmi náà lọ bá ìyá rẹ. Mo tan àbẹ́là, mo gé koríko. Àwọn èèyàn tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú tiwọn, tọmọtọmọ, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń ta káàdì. Èmi nìkan ni mo jókòó lórí ẹní wa. Kulas dé, ó wò mí, kò bú mi. Ìgbà tí Kulas kò bá bú èèyàn, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ó ní, "Dìde. Jẹ́ ká lọ parí àpótí yẹn."

Ó gbé ojú ẹ̀wọ̀n dúró, mo dè é. Ó pa ìlẹ̀kùn rẹ̀ dé, ó fi ṣíbí lu ìkòkò dípò agogo ọkọ̀. Ó ní, "Apolonio Dumlao, o ti gúnlẹ̀." A mu ọtí díẹ̀. Nígbà tó lọ tán mo jókòó, mo wò ó. Gbogbo rẹ̀ ti pé. N kò mọ ohun tí mo tún fẹ́ máa ṣe.

Bí mo ṣe ka lẹ́tà rẹ tán láàárọ̀ yìí, mo lọ pe Kulas. Ó bá mi gbé ojú ẹ̀wọ̀n náà dúró nígbà tí mò ń tú wáyà. Ó ń kùn ṣáá. Ó ní, "Ìwọ bàbá yìí, a ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ọ gúnlẹ̀, kí lo tún ń tú?" Mo ní mo ti padà sínú ọkọ̀. Ó ní ta ló fún mi láyè? Mo fi lẹ́tà rẹ hàn án. Ó kà á, ó tún un kà, ó lọ síwájú ilé, ó pẹ́ kó tó wọlé. Ó ní, "Ó dáa. Padà sójú omi. Má rì o."

Nítorí náà, ìlẹ̀kùn àpótí ṣí sílẹ̀ báyìí. Mo fi ìborùn ìyá rẹ bò ó kí eruku má baà wọ aṣọ búlúù. Ojú ẹ̀wọ̀n wà nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ibi tí o máa kọ́kọ́ rí. Mo ti kó agolo kúrò lórí àga ìyá rẹ.

Ó wúwo o, Doray. Fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀ dáadáa, kí o tẹ orúnkún, má fi ẹ̀yìn gbé e. Èmi á wà lápá òsì.

Bàbá rẹ